Mo Pe Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ní Iṣẹ́ Ọwọ́

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, ọyẹ́ sì mú gan-an lọ́jọ́ náà. Láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí mo dúró sí ní Òkè-Adó, mi ò rí òrùlé ilé kejì dáadáa. Eruku funfun ti bo gbogbo rẹ̀. Ètè mi ti là. Bí mo bá fi ahọ́n kàn án, á ta mí.

Kì í ṣe ọyẹ́ nìkan ló gbẹ mí lẹ́nu.

Níwájú gbọ̀ngàn, wọ́n fi aṣọ bo pákó kan lórí tábìlì. Gbogbo èèyàn ń na ọrùn kí wọ́n lè rí i nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Èmi ò na ọrùn, nítorí mo mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ náà. Èmi ni mo ṣe é. Ojú Olóògbé Tíṣà Oyèkànmí ni, igi funfun tí mo tẹ̀ bọ inú igi pupa, tó fi dà bíi pé inú pákó lojú náà ti hù jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo mọ̀ yín. Èmi náà ń kà á. Ẹ máa ń fẹ́ kí ẹni tó bá ṣẹ̀ kúnlẹ̀, kó sunkún, kó ní iṣẹ́ èṣù ni. Èṣù kò bá mi dá sí i. Màá sọ ibi tí mo ti ṣẹ̀, màá sì sọ ibi tí mi ò ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ kà á tán.

Orúkọ mi ni Mánsúrù. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kúrò tí mo wá sí Ìbàdàn láti Ṣakí. Mo ru pákó ní Bódìjà títí èjìká mi fi le bí ìdí odó. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Theophilus ti rí mi, tó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ring Road. Sáńpépà ni iṣẹ́ mi níbẹ̀. Ohunkóhun tí Ọ̀gá bá kàn, èmi ni màá fi sáńpépà ha á títí á fi máa dán.

Ọ̀gá Theophilus lórúkọ. Bí ẹ bá rí àga tó ní ẹyẹ funfun nínú igi pupa, tàbí tábìlì tí ewé àjàrà rákò yí etí rẹ̀ ká, tí ẹ wá rò pé ọ̀dà ni, ẹ fọwọ́ pa á. Kì í ṣe ọ̀dà. Ṣe ló máa ń gbẹ́ ihò sínú igi pupa, á gbẹ́ igi funfun tó bá ihò náà mu, á tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ẹ bá fi èékánná wá àlàfo, ẹ ò ní rí i. Tó bá parí, á fi irin gbígbóná tẹ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀: THEOPHILUS.

Kò síbi tí wọ́n ti tẹ MÁNSÚRÙ. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kò dùn mí.

Luke, tó ń kun fánìṣì, kì í jẹ́ kí n sinmi.

"Alhaji Sáńpépà! Ọjọ́ tí o bá kú, sáńpépà la máa fi dì ọ́."

"Ẹ ṣáà fi èyí tó kúnná dì mí," ni mo máa ń dá a lóhùn.

Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi láti àárọ̀ di alẹ́. Mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Àgbowó ni mo ń gbé. Nínú ilé wa, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń jẹ́ Níyìolúwa, ó ní ẹ̀rọ kan lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ju tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ lọ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí bí òòyì, tí ẹnu rẹ̀ mú. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ fún un ló máa ń ṣe: á lọ sí ọ̀tún, á bọ̀ sí òsì, á rì wọ inú igi, á gòkè. Kí ẹ tó mọ̀, ó ti gbẹ́ ewé, ó ti gbẹ́ ẹja. Níyìolúwa ń fi gbẹ́ nǹkan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́.

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màá máa wò ó.

Nígbà tó fẹ́ lọ sí òkè òkun, ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń dúró wò ó. Ẹ mú un."

"Kí ni màá fi ṣe? Òyìnbó ló ń gbọ́."

"Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jókòó síbí."

Kó tó lọ, ó ti fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ibi tí wọ́n wà ni mo fi mọ̀ wọ́n, bí èèyàn ṣe ń mọ ilé tí kò ní nọ́ńbà.

Ìyàwó mi, Zùwáírátù, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Rìsí, ẹ ti fẹ́ ìyàwó kejì."

"Ẹ̀rọ lásán ni."

"Mo rí i. Ó ń pariwo jù mí lọ, ẹ sì ń nù ún lójoojúmọ́. Èmi ńkọ́, ìgbà wo lẹ nù mí gbẹ̀yìn?"

Kí ẹ lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà. Pákó méjì ni. Ẹ̀rọ á gbẹ́ àwòrán sínú igi pupa, á di ihò. Á tún gbẹ́ àwòrán kan náà sórí igi funfun, ṣùgbọ́n ti igi funfun á yọ síta bí òǹtẹ̀. Ẹ ó wá da igi funfun dojú bolẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò igi pupa pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Nítorí pé ẹ máa dà á dojú bolẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti yí àwòrán orí igi funfun padà nínú kọ̀ǹpútà, kí ọ̀tún rẹ̀ di òsì. Tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, ẹ ó fi ìfági fá ẹ̀yìn igi funfun kúrò, àwòrán á sì hàn.

Mo gbẹ́ ẹja kan báyìí, mo gbé e lọ fún Ọ̀gá. Ó fi èékánná tọ etí rẹ̀ yí ká. Kò rí àlàfo.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, sà."

"Kí lo fi ṣe é?"

Mo sọ fún un. Ó dojú ẹja náà dé tábìlì.

"Mánsúrù, iyán tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀, ṣé ẹnìkan gún un? Ọwọ́ ni iṣẹ́ mi. Má gbé irú nǹkan báyìí wọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

Mo padà sídìí sáńpépà mi. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn.

Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí oníbàárà bá wọlé, á ti ọwọ́ náà bọ àpò. Èmi àti Luke rí i, a ò sọ̀rọ̀. Àga lásán là ń kàn nígbà náà, kò gba iṣẹ́ tí a ń tẹ̀ bọ igi mọ́.

Àfi ìgbà tí Madam Fọláṣadé wá láti Akobo, tó mú fọ́tò bàbá rẹ̀ dání.

"Ọ̀gá, bàbá mi ló kọ́ ìdajì àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìwé. A ti tún gbọ̀ngàn ṣe ní orúkọ wọn. Mo fẹ́ kí ojú wọn wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo fẹ́ o. Gbogbo nǹkan ló ti di ẹ̀rọ. Bàbá mi kì í fẹ́ ayédèrú."

Ojú Ọ̀gá tàn. Bóyá ó gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ ni, bóyá kò fẹ́ rántí. "Ẹ̀rọ kì í wọ ibí, Madam. Ọwọ́ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Irin yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já imú Tíṣà. Ó mú igi mìíràn. Irin tún yọ̀. Ó fi irin sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú pẹ̀lú òsì bí ẹni tó mú adìẹ tó fẹ́ sá.

"Màá dá fọ́tò obìnrin náà padà fún un," ló wí.

Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, sà."

"Ìwọ?"

"Èmi ni, sà."

Ó wò mí bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. "Pẹ̀lú ọwọ́?"

Ẹ bá mi dúró níbí díẹ̀. Bí mo bá sọ pé ẹ̀rọ ni, á ní rárá. Fọ́tò á padà sí Akobo. Èmi á padà sídìí sáńpépà. Àti pé nínú yàrá mi ní Àgbowó, nǹkan kan wà lábẹ́ aṣọ tó lè ṣe ojú ọkùnrin yìí kó mọ́ lóló, èmi ni mo sì mọ bí a ti ń darí rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ohun tí ẹlòmíràn ṣe ni mò ń mú dán. Mo fẹ́ ṣe ọ̀kan tó jẹ́ tèmi.

"Ọwọ́ ni, sà," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ilé ni màá ti ṣe é, níbi tí ariwo kò sí."

Ibi tí ariwo kò sí! Ẹ bi Zùwáírátù wò.

Ọ̀gá bá pe Madam Fọláṣadé, ó sọ fún un pé ọmọ iṣẹ́ òun ni yóò gbẹ́ ẹ, pé ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ ju ti òun lọ.

Mo lọ sí Bódìjà, mo ṣa ọ̀gànwó tó pọ́n dáadáa, mo ṣa igi àfàrà funfun tí kò ní àbàwọ́n. Àwọn kan rò pé ṣe lèèyàn ń ti fọ́tò bọ ẹnu ẹ̀rọ, tí ojú á jáde lẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fa ìlà kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà: ìpéǹpéjú, etí fìlà tó tẹ̀, àti bààmú, ìlà kan ṣoṣo tó ti ẹ̀gbẹ́ imú Tíṣà wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín wà ní igun ẹnu rẹ̀ tí kò hàn tán nínú fọ́tò. Mo fà á, mo pa á rẹ́, mo tún un fà. Irin ẹ̀rọ ṣẹ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú iná lọ láàárín iṣẹ́, igi bàjẹ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo yí àwòrán kan padà bí Níyìolúwa ti kọ́ mi. Ti igi funfun ló yẹ kí n yí. Ti igi pupa ni mo yí.

Ohun tó burú nínú irú àṣìṣe yẹn ni pé kì í ké. Èyíkéyìí tí o bá yí nínú méjèèjì, wọ́n á bára mu. Wọ́n bára mu. Mo fi ìfági fá ẹ̀yìn igi funfun, ojú Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bí ojú ẹni tó ń jáde látinú omi. Mo pe Zùwáírátù.

Ó sá sẹ́yìn. "Yé! Bàbá Rìsí, ó ń wò mí!"

Mo wo etí àwòrán náà yí po, mo wá àlàfo. Ohun tí ojú mi mọ̀ ọ́n wò nìyẹn. Mi ò wo ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀gá náà fi èékánná tọ̀ ọ́. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. "Luke, wá! Wá wo ohun tí à ń pè ní ọwọ́."

Luke wò ó, ó wò mí. "Alhaji Sáńpépà, o ti gba oyè tuntun o."

Ọ̀gá ti irin rẹ̀ bọ iná, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ pákó. Èéfín rú jáde. THEOPHILUS. Èéfín náà wọ mí nímú. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Òun purọ́ pẹ̀lú irin, èmi purọ́ pẹ̀lú ẹnu.

Madam Fọláṣadé dé, ó bo ẹnu rẹ̀, ó sunkún. Ó nu ojú rẹ̀ tán, ó yíjú sí mi, ó fa fóònù yọ.

"Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n ya fídíò yín lẹ́nu iṣẹ́. Díẹ̀ péré."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé irin ìgbẹ́gi rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, irin tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Mo mú àpá igi kan. Mo tẹ orí ba, mo ń ha á bí eku.

"Ẹ má wo fóònù, ẹ máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀n-ẹ́n. Kí lẹ máa ń rò nínú ọkàn yín bí ẹ bá ń gbẹ́ ẹ?"

Èmi tí mi kì í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wá. "Mo máa ń rò pé ọwọ́ ni Ọlọ́run fún wa."

"Háà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà!"

Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bú mi. Títí dòní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sínú fóònù náà, ara mi á bù máṣọ.

Bí ọjọ́ Àìkú ṣe dé nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ tan fídíò náà sára ògiri gbọ̀ngàn. Mo rí ara mi, mo tóbi bí ilẹ̀kùn, mò ń ha igi. "Ọwọ́ ni Ọlọ́run fún wa," ni mo wí látinú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì ké "Àmín!" Ọ̀gá jókòó níwájú, ó wọ agbádá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà nínú àpò.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí aṣọ.

Àtẹ́wọ́ ròkè. Àwọn kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Tíṣà dìde dúró. Mo ń gbọ́ "Tíṣà gan-an nìyẹn!", "Ẹ wo ẹnu rẹ̀!" Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́: inú mi dùn. Fún ìwọ̀nba àkókò yẹn, inú mi dùn ju bó ti dùn rí lọ.

Ìyá àgbà kan dìde ní ìlà iwájú pẹ̀lú ọ̀pá. Ìyá Láwùmí ni, ẹ̀gbọ́n Tíṣà, tí wọ́n lọ gbé wá láti Ìgbòho. Àtẹ́wọ́ dákẹ́ fún un. Ó rìn títí dé iwájú pákó, ó wò ó, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́, ó tún un wò.

"Ta nìyí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Madam Fọláṣadé sáré lọ dì í mú lápá. "Ìyá, Dádì ni. Àbúrò yín."

"Àbúrò mi kọ́."

"Ìyá, àwọn náà ni. Ẹ wo fìlà wọn."

"Mo ń wò ó. Ọkùnrin yìí jọ ọ́. Ó rẹwà, kí Ọlọ́run bá mi kí i níbikíbi tó bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni bààmú ń wà nílé tiwa. Lórí ẹsẹ̀ mi ni àbúrò mi wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ní ilà. Ó tọ̀ sí mi lára! Òsì ni. Ta ló wá sọ ọ́ di ọmọ ilé onílé nínú gbọ̀ngàn tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ pè?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnìkan gbé fọ́tò wá, wọ́n mú un sí ẹ̀gbẹ́ pákó. Bààmú tó wà ní òsì ti bọ́ sí ọ̀tún. Fìlà tó tẹ̀ sí ọ̀tún ti tẹ̀ sí òsì.

Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i.

Ọ̀gá Theophilus ti dìde. Ó wo fọ́tò, ó wo pákó. Lẹ́yìn náà ló yí ojú padà, ó wá mi kiri láàárín èrò títí ojú wa fi ṣe mẹ́rin.

"Mánsúrù. Bọ́ síbí."

Mo rìn lọ. Luke fa aṣọ mi bí mo ti ń kọjá, ó sọ sí mi létí pé, "Sọ pé inú dígí lo ti ń wo fọ́tò náà." Ọ̀rẹ́ ni Luke, ẹ má dá a lẹ́bi.

Ọ̀gá kò gbé ohùn sókè. "Ẹni tó bá wo fọ́tò tó fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ, imú lè wọ́, etí lè tóbi jù. Kò lè yí gbogbo ojú padà, tí kò sì ní sí àlàfo. Kí lo fi gbẹ́ ẹ?"

Irọ́ tí Luke fún mi ṣì gbóná létí mi. Mo wo Ìyá Láwùmí. Òun náà ń wò mí.

"Ẹ̀rọ ni, sà."

Ariwo ta. Madam Fọláṣadé di orí mú. "Fídíò ńkọ́? Bọ̀dá, mo ti fi fídíò yín ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí!"

"Irọ́ ni fídíò náà, Madam."

"Ọwọ́ ni Ọlọ́run fún wa!" ni ẹnìkan ké látẹ̀yìn, pẹ̀lú ohùn mi gan-an. Ẹ̀rín bú jáde. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ọ̀gá sún mọ́ mi. "O ba orúkọ mi jẹ́. Dọ̀bálẹ̀. Bẹ Madam, bẹ ìyá yìí. Kí o sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́ pé o ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ ló ṣe é."

Mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kan ilẹ̀. Mo bẹ Ìyá Láwùmí nítorí ojú àbúrò rẹ̀. Mo bẹ Madam Fọláṣadé nítorí fídíò. Mo ní, "Mo purọ́ fún yín. Mo purọ́ fún Ọ̀gá mi. Ẹ má bínú."

Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò láyà.

"Ó kù," ni Ọ̀gá wí.

"Kò kù, sà."

"Sọ pé o ò ṣe nǹkan kan."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohùn kan tí mi ò mọ̀ pé mo ní ló jáde lẹ́nu mi.

"Mi ò ní sọ ọ́, sà. Ẹ̀rọ ló la pákó yìí ní Bódìjà, ẹ sì máa ń tẹ orúkọ yín sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ṣe ojú yìí, kí ẹ pe ẹ̀rọ wá dọ̀bálẹ̀ nítorí bààmú. Èmi lẹ ní kí n dọ̀bálẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀, torí èmi ni mo yí èyí tí kò yẹ kí n yí. Àṣìṣe rẹ̀, tèmi ni. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ náà, tí wọ́n dìde dúró fún lẹ́ẹ̀kan, tèmi ni."

"Mánsúrù!"

"Ẹ ò lè fún mi ní ẹ̀bi, kí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, sà."

Ọ̀gá nàka sí ẹnu ọ̀nà. "Bí o bá ti ibí jáde pẹ̀lú ẹnu yìí, má wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la."

"Ó dára, sà."

Madam Fọláṣadé da aṣọ bo pákó náà. Kò wò mí. "Ẹ gbé e kúrò níbí. Mi ò fẹ́ òmíràn."

Mo gbé e lé èjìká. Mo fẹ́ máa lọ, ọ̀pá kan kàn mí lẹ́sẹ̀. Ìyá Láwùmí ni.

"Ìwọ alágídí, dúró. Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ṣakí, mà."

"Abájọ. Mú ìka rẹ wá."

Ìyá gba ìka mi, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, ó sì fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo mọ ipa ìlà náà lábẹ́ ìka mi, ó jinlẹ̀, ó tutù. Òsì ni.

"Ṣé o ti mọ̀ ọ́n báyìí?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n, mà."

"Fọláṣadé ní òun ò fẹ́. Èmi ò sọ pé mi ò fẹ́. Mo wà nílùú yín títí ọyẹ́ á fi lọ. Kò kàn mí bóyá ọwọ́ lo fi ṣe é tàbí eyín. Wá fi àbúrò mi hàn mí."

Lọ́jọ́ kejì, mo dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà fún Luke ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ta ni yóò wá máa ha sáńpépà?" Mo ní, "Ìwọ ni." Mo kọjá sí Bódìjà, mo ra ọ̀gànwó, mo ra àfàrà, mo rù wọ́n lọ sí Àgbowó fúnra mi. Mo ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Lábẹ́ àgbọ̀n Tíṣà, nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí Ọ̀gá ti máa ń fi irin tẹ orúkọ tirẹ̀, mo kọ lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, torí lẹ́tà kì í yí padà kí ojú má rí i: MÁNSÚRÙ LÓ ṢE É, PẸ̀LÚ Ẹ̀RỌ. Mo fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi. Mo yí ti igi funfun padà. Mo tẹ ẹ̀rọ.